Má Tíì Gé Kọ́mú Yẹn, Àṣàkẹ́

Àrámọ̀kọ-Èkìtì,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò ọ̀sán.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn ò ro mí,

Òjò ló fún mi láyè láti jókòó kọ̀wé yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ìkùukùu ti bo gbogbo òkè tó wà lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, bí ẹni pé kò sí òkè kankan níbẹ̀ rí. Ewé kòkó ń kán omi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó, tó, tó. Bàbá rẹ ti sùn lọ lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò ń dá sọ̀rọ̀ lórí itan rẹ̀. Ara wa le, a ń jẹ, a ń mu. Gbogbo ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà kọjá ni bàbá rẹ ń pè láti sọ fún un pé ọmọ òun ti níṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ tán ná, ó ní ṣé èpè ni mo fẹ́ máa ṣẹ́ fún ọmọ ni.

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn, nítorí náà n ó kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù. Bí àlùmọ́gàjí bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀. Má tíì gé kọ́mú yẹn. Ìwọ̀n tí mo fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kì í ṣe òótọ́. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi.

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀, o ṣàlàyé rẹ̀ fún mi yékéyéké. Ẹ̀yin mẹ́ta ni wọ́n ń dán wò ní ilé ìránṣọ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọn ó mú. Ọ̀gá yín ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ṣe kọ́mú kan fún àgbàlagbà obìnrin, kí ó fi ìwọ̀n ènìyàn gidi gé e. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, obìnrin náà yóò wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ yín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe rí lára òun. O ní, "Màámi, ẹ̀yin ni mo mú." Mo gbọ́ bí ayọ̀ ṣe wà lóhùn rẹ. Èmi wá ní n ò lè wá, ẹsẹ̀ ń dùn mí. O ní ẹsẹ̀ á san kó tó di ọjọ́ náà, kí n ṣáà fún ọ ní ìwọ̀n mi, pé ọjọ́ Ẹtì yìí lo fẹ́ gé aṣọ. Mo ní mẹ́rìndínlógójì, ọ̀tún àti òsì dọ́gba, mo sì yára pa fóònù. Mẹ́rìndínlógójì! Ìgbà tí mo jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, wọn ò tíì bí ọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń rán bùbá kan lọ́wọ́, ni oorun bá gbé mi lọ lórí maṣíìnì. Mo rí gbogbo obìnrin tí mo ti rán aṣọ fún rí. Wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìjerò, wọ́n pọ̀ lọ súà, àwọn tó ti kú wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ wọn ò sì kan ilẹ̀ dáadáa. Olúkúlùkù wọn ló ká ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń wá ìkọ́ kọ́mú rẹ̀, ọwọ́ ò tó o. Kò sí ẹni tó bínú nínú wọn. Wọ́n kàn ń wò mí, bí a ṣe ń wo ẹni tó yẹ kó dìde wá ranni lọ́wọ́. Mo fẹ́ dìde, ara mi wúwo. Nígbà tí mo jí, ojú rírán bùbá ti tẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, oníbàárà kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

O bi mí lórí fóònù pé, "Màámi, kí gan-an ló ń jẹ́ kí kọ́mú tura?" Mo fi ẹ̀rín bò ó nítorí èrò wà ní ṣọ́ọ̀bù. N ó dá ọ lóhùn báyìí. N ó máa kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí mo bá sì ṣi í kà, fi jì mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà.

Èkíní. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìjerò, ọ̀gá mi, tí à ń pè ní Màmá Alábẹ́rẹ́, obìnrin gíga kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ iṣẹ́ kò rí eyín rẹ̀ rí, ní òfin kan: "Èyí tí kò bá fún, kò tíì jọ aṣọ." Ó máa ń rán kọ́mú fún àwọn ìyàwó tuntun, nítorí èyí tí wọ́n ń kó wá láti Èkó nígbà náà kì í bá ara wa mu. Aṣọ líle ló fi ń rán an, okùn èjìká rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, a ó sì fà á sókè títí ọmú ọmọlọ́mọ á fi fẹ́ kan àgbọ̀n. Àwa ọmọ iṣẹ́ á pàtẹ́wọ́. A rò pé bí kò bá dun ènìyàn, iṣẹ́ ò tíì dára.

Lọ́jọ́ kan, ó rẹ ọ̀gá mi, ó ní kí n wá bá òun fi òróró pa èjìká. Ó sọ aṣọ kalẹ̀. Háà! Ojú okùn ti wọlé sí èjìká rẹ̀ méjèèjì, ó jìn débi tí ìka mi fi dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló ṣe yín báyìí?" Ó ní, "Obìnrin ni mí. Kí ni ì bá ṣe mí?" Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn pa àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́rìn-ín fún ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Nítorí náà, gbọ́, arẹwà mi. Èjìká kọ́ ló yẹ kó ru ọmú. Abẹ́ ọmú ló yẹ kó rù ú. Fi ọgbọ́n rẹ sí bẹ́líìtì tó yí ara ká lábẹ́: kí ó fẹ̀, kí ó tẹ́jú, kí ó di ara mú láì fún un lọ́rùn. Bí obìnrin bá sọ okùn èjìká méjèèjì kalẹ̀, kí kọ́mú ṣì dúró níbi tó wà. Jẹ́ kí okùn náà fẹ̀ tó ìka méjì, má sì jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó má baà máa fò sókè sódò tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn. Àwọn àgbà ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Èmi gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wọ kọ́mú Màmá Alábẹ́rẹ́ rí.

Èkejì, ìyá bàbá rẹ. Ìyá Ìkòró, tí o ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, nítorí o ṣì kéré nígbà tí wọ́n sùn. Ọdún tí mo gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ tí mo ń kọ́ tí mo sì fẹ́ bàbá rẹ, ó wù mí kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn wọ́n. Mo ní n ó rán kọ́mú fún wọn, àwọn tí kò wọ kọ́mú rí láyé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá wọn àwọn. Ó wá di wàhálà. Ìyàwó tuntun ni mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró lé ìyá ọkọ lórí kí n máa na téèpù yí wọn láyà? Mo kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi wọ̀n wọ́n, láti ẹ̀yìn, lórí bùbá, lórí ìró tí wọ́n ró mọ́ àyà, mo sì di ojú kí n má baà rí ohun tí kò yẹ kí n rí. Wọ́n ń súre lé mi lórí pé, "O ó bí tọkùnrin tobìnrin." Mo ń ṣe àmín, téèpù ń yọ́ wálẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ìwọ náà mọ̀ pé bí ẹni tó kúnlẹ̀ bá ń wọn ẹni tó dúró, téèpù á dagun. Ẹ̀yìn á lọ sílẹ̀, iwájú á lọ sókè. Nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ènìyàn kankan. Mo rán kọ́mú náà, mo tún fi léèsì sí i létí, mo gbé e lọ sí Ìkòró. Ìyá jó, wọ́n fi han gbogbo agbolé, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ kí wọn, mo rí kọ́mú mi lórí àjà ìdáná. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Apá kan kún fún ẹ̀gúsí, apá kejì kún fún èso ilá.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, má bínú o. Ó dára. Ṣùgbọ́n uṣu ni mo ń kọ ebè fún, n kì í jókòó gẹlẹtẹ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fún mi lọ́rùn. Bí mo bá nàró, ó ti sá kúrò lábẹ́ ọmú. Ẹ̀gúsí ló bá mu." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ní gbogbo ọ̀nà padà sí Àrámọ̀kọ ni mo fi ń nu ojú mi.

Nítorí náà, kúnlẹ̀ kí àgbà tán, kí o sì dìde dúró. Ọ̀wọ̀ kò sí nínú téèpù tó dagun. Wọ̀n wọ́n lórí ara, kì í ṣe lórí aṣọ. Wọ̀n wọ́n lóròó, wọ̀n wọ́n níjòókòó, jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tu koríko, kí o tún wọ̀n wọ́n. Wọ̀n wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ iyán yó, nítorí ara tí kò tíì jẹun kì í sọ òótọ́. Béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí o tó béèrè nọ́ńbà. Ẹni tó ń jókòó ti ọjà, ẹni tó ń gun ẹ̀yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ẹni tó ń ru igi láti oko Ìdó-Ilé, wọn ò lè wọ kọ́mú kan náà kí ó tù wọ́n bákan náà.

Ẹ̀kẹta, oòrùn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í sá kọ́mú sí gbangba. A ó fọ̀ ọ́ tán, a ó sá a sábẹ́ ìró kí àlejò má baà rí i. Ìró á gbẹ, kọ́mú á ṣì tutù, a ó gbé e wọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú ìgbà òjò báyìí ńkọ́, tí ìkùukùu kì í kúrò nílẹ̀ títí di ọ̀sán? Abẹ́ ọmú á máa yún, á máa bó, a ó máa da páúdà sí i. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí yíyún yìí, tó ní àwọn ayé ló ń ṣe òun. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbé kọ́mú yín sá sóòrùn." Wọ́n bá mi bínú fún oṣù kan.

O ò lè lé ìtìjú wa lọ lọ́jọ́ kan, ọmọ mi. Rán èyí tó lè gbẹ lábẹ́ ìró. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́ ni kí o fi sí ibi tó kan ara. Jẹ́ kí etí ibi tí o rán kọjú síta, kí ibi tó dán kọjú sí ara, ẹni tó bá fẹ́ kó lẹ́wà kó lọ wo bùbá. O ní ọ̀gá yín fẹ́ràn fóòmù àti wáyà. Bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, má ṣe bá a jiyàn lójú àwọn tó kù. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń kí kọ́mú? Má sì fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ méjèèjì ṣe ọ̀tá o. Bí òwú ẹnì kan bá tán, fún un ní tìrẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rántí nígbà tí òjò ń rọ̀. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọdébìnrin, tí àyà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, mo máa ń tẹ̀lé ìyá mi bọ̀ láti oko ní àsìkò ọyẹ́. A ó gun òkè, a ó dúró lókè pátápátá láti mí. Afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ bùbá mi wọlé, á gba ọrùn jáde, mi ò ní mọ̀ mọ́ bóyá mo ní ara tàbí n ò ní. Oko á dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, èéfín á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ìyá mi á máa kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo ti wá irú ìtura yẹn títí láyé mi nínú aṣọ, n ò rí i. Bí obìnrin kan bá wọ kọ́mú rẹ láàárọ̀, tó di ìrọ̀lẹ́ kó tó rántí pé òun wọ nǹkan kan, o ti mọ iṣẹ́ nìyẹn. Kò sí oyè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi iṣẹ́ wa.

Ẹ̀kẹrin. Mo ti ń sá fún ẹ̀kẹrin yìí láti ìgbà tí mo ti mú bíírò. Mo tilẹ̀ dìde lọ ro ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná.

Nígbà tí mo bí ọ, omi ọmú mi pọ̀, ó ń dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tí o bá ti ké. O lé ní oṣù kan díẹ̀ nígbà tí a fẹ́ gbé ọ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ náà, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́bàá kànga pé, "Ọmú ìyàwó tó ń ránṣọ yẹn ti rọ̀ o." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi tí mo ń rán aṣọ fún ìlú! Mo lọ mú ìwọ̀n ìgbà tí mo jẹ́ ọmọge, mẹ́rìndínlógójì, mo rán kọ́mú fún ara mi, mo jẹ́ kó fún pinpin bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, mo sì to ìkọ́ márùn-ún sí i lẹ́yìn. Mo wọ̀ ọ́ láti ìsìn àárọ̀ títí àlejò fi tán nílé ní ìrọ̀lẹ́. O ń sunkún ọmú, mo ń fún ọ lómi, torí n ò lè tú ìkọ́ ẹ̀yìn láàárín èrò. Gbogbo ènìyàn ní mo rẹwà, wọ́n ní ẹni tó bá rí mi kò ní mọ̀ pé mo bímọ. Èmi nìkan ni mo mọ iná tó ń jó mi lábẹ́ aṣọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmú òsì ti le bí òkúta, ó pọ́n kuku. Mo ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí. Báwo ni aránṣọ ṣe fẹ́ sọ pé kọ́mú tí òun fọwọ́ ara òun rán ló ṣe òun báyìí? Ó di oówo. Ibà gbé mi dè, mo ń sọ ìsọkúsọ, ìgbà náà ni bàbá rẹ tó mọ̀, ó gbé mi sí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Wọ́n là á. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọgbẹ́ náà tó dí. Nígbà tó san, òsì ti sún kì, kò tó ìdajì ọ̀tún mọ́, àpá sì gbà á kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò ní wàrà mọ́. Ọ̀tún nìkan lo mu, pẹ̀lú ògì.

Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ọ, tí à ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, pé ìwọ lo kọ ọmú òsì, pé olórí kunkun ni ọ́ láti inú wá. Irọ́ ni, Àṣàkẹ́. Ìwọ kọ́ lo kọ̀ ọ́. Dárí jì mí.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọsibítù, bàbá rẹ nìkan ló tíì rí i. Nígbà tí o dàgbà díẹ̀, tí o ní o fẹ́ bá mi fọ ẹ̀yìn ní balùwẹ̀, tí mo lé ọ jáde, tí o lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tí ò ń sunkún, ìdí rẹ̀ nìyẹn. O rò pé mo le. Mo máa ń ká àkísà rírọ̀, màá rán an mọ́ inú apá òsì kọ́mú tí mo bá rà lọ́jà, kí méjèèjì lè dọ́gba lójú ayé. Ọmọ ìka ò dọ́gba, ojoojúmọ́ ni mò ń pa òwe yẹn fún ẹlòmíràn. Èmi tí mo ń wọn gbogbo obìnrin Àrámọ̀kọ, láti ìgbà náà n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀n mí.

Má dá ara rẹ lẹ́bi o. Ebi ń pa ọ ni, o sunkún bí ọmọ ṣe ń sunkún. Èmi ni mo yan ojú ayé.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ rèé, mú un lò. Àwa aránṣọ fẹ́ràn láti ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, ká gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀tún àti òsì jáde bí ìbejì. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Gé apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí kò sí obìnrin tí méjèèjì rẹ̀ dọ́gba délẹ̀, èmi tí mo ti wọ̀n wọ́n fún ọdún púpọ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí o sì fi ìkọ́ síwájú. Ọlọ́mọ á lè tú u lábẹ́ bùbá láàárín èrò, àgbàlagbà tí èjìká ń ro kò sì ní máa bá ẹ̀yìn ara rẹ̀ jà. Ká ní iwájú ni mo fi ìkọ́ tèmi sí lọ́jọ́ náà, ì bá yàtọ̀.

Bàbá rẹ jí nígbà tí mo kọ dé ibí, mo ka apá yìí sí i létí. Ó pa rédíò. Ó wá ní, "Ṣé ohun tí ò ń bò látọjọ́ yìí nìyẹn? Èmi ti gbàgbé pé ó kéré." Mo ní, "Irọ́ lẹ̀ ń pa." Ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo sọ bíírò lù ú, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ bá mi ṣà á. Ó ní, "Sọ fún ọmọ náà pé kí ó má rán èyí tó fún o."

Láàárọ̀ yìí, kí òjò tó ṣú, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo dúró síwájú dígí láti wọn ara mi. Èrò mi ni pé n ó kọ nọ́ńbà òtítọ́ sínú lẹ́tà yìí, n ò sì ní wá. Kò ṣeé ṣe. Bí mo bá gbé apá sókè láti fa téèpù yí ẹ̀yìn, ọmú á gbéra tẹ̀lé apá. Bí mo bá sọ apá kalẹ̀, téèpù á bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo ara mi nínú dígí, ó pẹ́ díẹ̀. Kò burú tó bí mo ṣe ń rò ó. Àpá lásán ni.

Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹsẹ̀ mi. Ní àárọ̀ ọ̀la, n ó fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ kan ní gáréèjì, yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ní ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi ń bọ̀. Lẹ́tà ni mo ní kó ṣíwájú, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá dé láìsọ ọ́, n ó tún rí irọ́ mìíràn pa. Bí wọ́n bá gbà ọ́, ọpẹ́ ni. Bí wọ́n bá mú ẹlòmíràn, wálé, maṣíìnì mi kò kọ ẹni méjì. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ irọ́ ìyá rẹ ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ.

Tí mo bá dé, má bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, má sì tíì gbé oúnjẹ wá, n ó ti jẹ iyán yó kí n tó dé. Ti ilẹ̀kùn, fa aṣọ ojú fèrèsé. N ó bọ́ bùbá mi, n ó sì dúró. Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Bí ó bá wù ọ́ kí o sunkún, sunkún, n ò ní lé ọ jáde. Wọn ọ̀tún, kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn òsì, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí ń bọ̀.